Káìtì mẹ́ta fún afẹ́fẹ́ líle: èyí tí mò ń gbé lọ sí etí ọ̀sà Ìkòròdú àti èyí tí mo fi sílé

Káìtì mẹ́ta ni mo kó bọ̀ láti South Africa nígbà tí mo padà wá tẹ̀dó sí Ìkòròdú, àlòkù sì ni gbogbo wọn. N kò sọ ti káìtì tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀rá àti igi ìgbálẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń sáré fà káàkiri pápá. Àwọn tí mò ń wí yìí jẹ́ ti àgbàlagbà: aṣọ wọn fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 5 sí 15, okùn wọn sábà máa ń gùn tó mítà 20 sí 24. Ọ̀pá ìdarí kan ni ẹni tí ó ń lò ó ń dì mú, a fi ìkọ́ so ọ̀pá náà mọ́ ìgbàdí tí ó nípọn, pátákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa wọ́ ọ lọ lójú omi bí ẹni tí ọkọ̀ ń fà. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, tí ènìyàn sì fẹ́ sáré, irú káìtì wo ni kí ó gbé jáde?

Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà ni àwọn eléré yìí ń pè ní C, nítorí pé bí ó bá wà lókè, ó tẹ̀ bí lẹ́tà C tí a da ojú rẹ̀ dé. Mítà 9 ni tèmi. Ìkejì tẹ̀ ní ìwọ̀nba, etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kó wọnú bí ọrun ọdẹ tí a fà. Ọrun ni mo ó máa pè é. Bí mo bá pè é ní ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí gírámà ti fẹ́, ẹlòmíràn á ní mo ti ń bá Elédùmarè ṣeré. Mítà 7 ni òun. Ìkẹta kò ní túùbù tí a ń fi pọ́ǹpù fẹ́ rárá. Aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, afẹ́fẹ́ a sì gba ojú ihò iwájú wọlé, a kún inú àwọn yàrá náà, aṣọ náà á wá dúró gbọin bí ìyẹ́ ẹyẹ. Oníyàrá ni mo ó máa pè é. Mítà 11 ni.

Mo lo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ní ọ̀sà Langebaan, tí ó wà ní àríwá Cape Town. Ní ibẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ gúúsù a máa dìde lọ́sàn-án, lọ́jọ́ tí ó bá sì dára, ó lè wà láàárín nọ́ọ̀tì 25 sí 30 títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń gbé wọn lọ sí etí ọ̀sà ní ìhà Bàyékù, níbi tí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ti ń ré ojú ọ̀sà Èkó kọjá wá bá wa. Kí n kọ́kọ́ sọ ìdájọ́ mi, kí ẹni tí kò ráyè lè máa lọ: ọrun mítà 7 ni mò ń gbé jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nọ́ọ̀tì 22, C ni mo ti gbé kọ́ ògiri, oníyàrá sì wà fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọra ń fẹ́. Kílò 78 ni ìwọ̀n ara mi. Kí ẹni tí ó bá fúyẹ́ jù mí lọ yáa máa wo mítà 6 tàbí 5, nítorí pé ìwúwo ẹni ni ìdákọ̀ró rẹ̀ nínú eré yìí.

Ohun tí ó máa ń tan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ ni èrò pé bí afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ kún eré rẹ̀, díẹ̀ náà ni ìfà káìtì yóò fi pọ̀ sí i. Agbára afẹ́fẹ́ kò gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní nọ́ọ̀tì 15 tí ó di 30, eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìfà rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Àní bí ó bá kúrò ní 20 lásán tí ó di 25, èyí tí ẹni tí ó dúró ní èbúté lè má tilẹ̀ kọbi ara sí, ohun tí ó fi kún ìfà náà ti ju ìdajì lọ. Bí pátákó bá sì ti mú eré, káìtì ń bá a sáré lọ, afẹ́fẹ́ tí káìtì ń gbà sójú á wá le ju èyí tí ń mi ewé àgbọn lọ. Ẹni tí ó bá ti gun ọ̀kadà rí mọ ohun tí mò ń sọ: ilẹ̀ lè pa rọ́rọ́ kí ewéko má mì, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò máa gbá a lójú nígbà tí ọ̀kadà bá ti ń sáré. Nítorí náà, aṣọ tí ó tó ènìyàn nígbà tí ó dúró lè pọ̀ jù fún un nígbà tí ó bá ti ń lọ.

Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwòdì, nítorí pé ìgbà tí ó bá wù ú ni ó lè ká ìyẹ́ mọ́ra. Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ káìtì wò fún afẹ́fẹ́ líle kò kúrò níbẹ̀: bí ẹ̀fúùfù bá ta á nídìí, ṣé ó lè ká ìyẹ́ mọ́ra nígbà tí mo bá sọ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

C ni mo kọ́kọ́ rà, ìgbéraga ni ó sì mú mi rà á, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fò sókè tí wọ́n ń yí po lófuurufú ń lò ní Langebaan. Túùbù ńlá kan yí iwájú rẹ̀ ká, okùn mẹ́rin sì so tààrà mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí okùn kéékèèké kankan láàárín. Èyí ni ó mú kí ó máa bá ọwọ́ sọ òótọ́. Bí mo bá fa ọ̀pá sí ọ̀tún, ọ̀tún ni ó ń yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìfà rẹ̀ kì í já lójijì, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kì í gbọ̀n. Nínú afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 23 tí kò yí padà, n kò tíì mọ káìtì tí ó dùn ún gùn jù ú lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí mo bá ti ọ̀pá síwájú kí ìfà lè dín kù, díẹ̀ ni ó ń dín kù, nítorí pé bí ó ṣe tẹ̀ jù náà kò jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, mo gbé e jáde ní Bàyékù nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 20. Ìkùukùu kan kọjá lórí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ sì lé ní 28 kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Mo ti ọ̀pá síwájú títí apá mi fi nà tán, káìtì kò gbọ́. Ó wọ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n wọn, mo sì fa ohun ìtúsílẹ̀, èyí tí ń já ìfà káìtì kúrò lára ẹni, nígbà tí mo rí i pé igi kejì kò ní yẹ̀ fún mi. Káìtì já lulẹ̀, ó da ojú dé omi, n kò sì lè gbé e dìde mọ́, nítorí pé C tí kò ní okùn karùn-ún máa ń ṣòro gbé kúrò lójú omi bí ó bá ti dojú dé. Ìgbà tí mo ń wẹ̀ tí mo ń wọ́ ọ lọ sí èbúté ni bàbá kan tí ó ń ti ìdí àwọ̀n bọ̀ ya ọkọ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni bàbá náà wí, “aṣọ tí ò ń wọ́ kiri yìí, ṣé kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á ni?”

“Ó ní, Bàbá, ṣùgbọ́n ó jìnnà sọ́wọ́ díẹ̀.”

“Bí ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan bá jìnnà sọ́wọ́, a jẹ́ pé kò ní i nìyẹn.”

N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé C kọ́ ògiri, kì í sì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀.

Ọrun ní ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó sì wà ní ìtòsí ọwọ́. Ìyàtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju ti ojú tí a fi ń wò ó lọ. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan láti Brittany ní ilẹ̀ Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ fún káìtì onítúùbù ní ọdún 1984, kí ó lè máa léfòó bí ó bá já sómi, kí a sì lè gbé e dìde níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, irú C ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gùn. Ní nǹkan bí ọdún 2005 ni ọrun, tí Bruno náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Ohun tí ó yí padà ni pé a dín títẹ̀ rẹ̀ kù, a gé etí ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú, a sì so okùn iwájú rẹ̀ mọ́ okùn kéékèèké tí ó di túùbù iwájú mú ní ojú ibi púpọ̀, bí ìjánu ṣe ń di ẹnu ẹṣin mú. Nítorí ìjánu yìí, bí mo bá ti ọ̀pá síwájú, gbogbo aṣọ náà á fẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, ìfà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí mo bá tún fà á padà, ìfà á dé.

Bí ẹ bá rí ọrun nínú afẹ́fẹ́ tí ń ta kìjikìji, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwòdì tí mo sọ kì í ṣe àsọdùn. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fò láti 20 dé 29 tí ó sì ń padà, ọ̀pá mi kò dúró lójú kan, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ń rokà, ṣùgbọ́n ara mi dúró ṣinṣin lórí pátákó. Bí ó bá já sómi, mo kàn ń fa okùn ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ kan ni, á yí ara rẹ̀ sórí ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, á sì gbéra kúrò lójú omi. Kò tíì gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ ní ojú ọ̀sà. Ní ti eré, ohun tí agogo ọwọ́ mi kọ sílẹ̀ ní Langebaan ni pé C fún mi ní nọ́ọ̀tì 28 nígbà tí ó dára jù, ọrun sì fún mi ní 30, èyí tí ó lé ní kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Ẹnu ya èmi náà, nítorí pé mítà méjì ni C fi ju ọrun lọ. Ohun tí mo wá lóye rẹ̀ ni pé ìfà tí ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ lè dá dúró kì í di eré. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ ri etí pátákó sómi láti dá ara rẹ̀ dúró, etí pátákó yẹn gan-an ni búrẹ́kì, ó wá di pé káìtì ń fà, ẹsẹ̀ ń dá a dúró, omi nìkan ni ó ń jẹ́ àǹfààní rẹ̀.

Àbùkù ọrun wà, n kò ní fi pamọ́. Ó wúwo lọ́wọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi á máa rán mi létí pé mo ti lé ní ogójì ọdún. Ó tún ń lọ́ra láti yà ju C lọ, etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n tí yóò máa dún bí aṣọ tí ó wà lórí okùn lákòókò ìjì bí mo bá ti ọ̀pá jìnnà jù. Fún ẹni tí ó fẹ́ fò kí ó sì yí po lófuurufú, èyí lè tó ìdí láti kọ̀ ọ́. Fún ẹni tí ó fẹ́ sáré kí ó sì padà sílé pẹ̀lú egungun ìhà tí ó pé, kò tó.

Lẹ́yìn irú káìtì, ohun tí ó kàn ni bí ó ṣe gùn sí ní ìfiwéra pẹ̀lú bí ó ṣe fẹ̀ sí. Ẹ fi ìyẹ́ àwòdì wé ti adìẹ. Ìyẹ́ àwòdì gùn, nítorí náà ó ń yọ́ lórí afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìjù ú. Ìyẹ́ adìẹ kúrú ó sì fẹ̀, ó lè gbé e sórí ọgbà kí ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Káìtì tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wọ iwájú lọ jìnnà nínú afẹ́fẹ́, ìfà rẹ̀ á wá kọjú sí ibi tí ènìyàn ń lọ dípò kí ó máa wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn sì ni eré. Ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti yà, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣàdédé já, ó lè sáré kọjá orí olówó rẹ̀ kí ó sì wó lulẹ̀. Fún afẹ́fẹ́ tí kò dúró lójú kan bíi tiwa, èyí tí ó wà ní agbedeméjì ni mo fara mọ́. Mo tún fẹ́ kí túùbù tí ó dà bí egungun ìhà láàárín aṣọ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Mẹ́ta fúyẹ́, ó sì tó fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe é nísinsìnyí, kò lè pa ojú aṣọ mọ́ ní nọ́ọ̀tì 28. Ní ti okùn, mo gé tèmi kù sí mítà 20, nítorí pé káìtì tí okùn rẹ̀ kúrú kì í rí àyè fi ara rẹ̀ jù gbọ̀ọ̀rọ̀ kí ó tó fà, ó sì ń tètè gbọ́ràn.

Àwọn tí ó bá mọ ìtàn eré yìí á bi mí pé àwọn tí wọ́n ń sáré jù láyé ńkọ́. Ní Lüderitz ní ilẹ̀ Namibia, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tóóró kan fún ìdíje eré sísá, kí omi rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí afẹ́fẹ́ gúúsù sì máa fẹ́ gba orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sébastien Cattelan ti kọjá nọ́ọ̀tì 50 ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì lórí omi. Ibẹ̀ náà ni Rob Douglas ti sá 55.65 ní ọdún 2010. Alex Caizergues wá sá 57.97 ní Salin-de-Giraud ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2017, èyí tí ó ju kìlómítà 107 ní wákàtí kan lọ, lórí mítà 500. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ wá ni omi tí kò ní ìgbì àti afẹ́fẹ́ tí kò ń ṣe ségesège, kí wọ́n tó máa sọ ti káìtì. Àwa ní Ìkòròdú kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀sà fẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ ti rí àyè ru omi rẹ̀ sókè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbì kúkúrú kúkúrú tí ń gbá pátákó lábẹ́ ni a sì ń bá. Ẹni tí ó bá lọ ra káìtì nítorí pé wọ́n fi irú rẹ̀ gba ipò ní Lüderitz dà bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ eré ìje fún ọ̀nà Ìjẹ̀dè.

Oníyàrá ni ó yára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́. Nọ́ọ̀tì 32 ni ó fún mi lẹ́ẹ̀kan ní Langebaan, nínú afẹ́fẹ́ tí kò tó 22. Kò ní túùbù iwájú tí ó nípọn tí yóò máa dènà afẹ́fẹ́, nítorí náà ó ń yọ́ lọ bí ọ̀bẹ. Irú rẹ̀ ni àwọn tí ó díje káìtì ní Òlíńpíìkì Paris 2024 ń lò. Marseille ni wọ́n ti ṣe é, Valentin Bontus ti Austria àti Eleanor Aldridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì gba wúrà. Àwọn ọ̀gá yẹn ní èyí tí ó kéré tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, nítorí náà bí mo bá ní mítà 11 tèmi kò ṣe é lò ní nọ́ọ̀tì 25, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti irú rẹ̀. Ohun tí mo fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án wà níbòmíràn.

Ìjánu rẹ̀ ju ti ọrun lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Okùn wẹ́wẹ́ tí ó dà bí òwú ìránṣọ ni, ó pọ̀ lọ súà, ó sì ń ti abẹ́ aṣọ bọ̀ bí irùngbọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣàdédé já, bí ó ti máa ń já lẹ́yìn tí ìkùukùu bá kọjá, àwọn yàrá rẹ̀ á tú afẹ́fẹ́ dànù, aṣọ á ká bí agboòrùn tí ìjì ṣẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá sì tún dé, apá kan á gba àárín ìjánu kọjá sí òdìkejì, káìtì á wá máa yí po láìgbọ́ràn. Ní ọ̀sà tiwa, tí igi àwọ̀n wà káàkiri tí èpò orí omi sì máa ń bo etí rẹ̀, okùn òwú yẹn kò ní ibi tí kò ti lè há. Ní ọjọ́ kan, agogo méjì ọ̀sán ni mo wọ́ ọ gúnlẹ̀, agogo márùn-ún kọjá kí n tó tú okùn ìkẹyìn, tí àwọn ọmọ mẹ́rin sì ń bá mi tọ́ka sí ibi tí ó ti so kókó lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n gbádùn ọjọ́ náà jù mí lọ. Fún òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá wà ní nọ́ọ̀tì 10 sí 14, tí kò yí padà, n kò ní fi oníyàrá ṣe pàṣípààrọ̀ ohunkóhun. Fún afẹ́fẹ́ líle, mo fi í sílẹ̀ fún Marseille.

Ìmọ̀ràn nípa káìtì kò lè pé láìsọ irú afẹ́fẹ́ tí a ní. Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tí ó máa ń le jù ní oṣù keje àti ìkẹjọ ni tiwa, ó sì dára nítorí pé èbúté ni ó ń tì wá sí. Ti ọyẹ́ yàtọ̀. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ẹ̀yìn wa ni ó ti ń ti wá, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, àárín ọ̀sà ni yóò gbé ènìyàn lọ. Ìjì tí ń ti ìlà oòrùn bọ̀ kí òjò ńlá tó rọ̀, ní oṣù kẹta sí ìkárùn-ún àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí nínú ohun tí mò ń pè ní afẹ́fẹ́ líle. Kò sí káìtì kan nínú mẹ́ta yìí tí ó wà fún un. Bí àwọn apẹja bá ti ń wọ́ ọkọ̀ wọn gun orí ilẹ̀, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú káìtì yín. Ẹ jìnnà sí ìhà Ìjẹ̀dè àti Egbin pẹ̀lú, nítorí pé wáyà iná alágbára ńlá ń ti iléeṣẹ́ amúnáwá ibẹ̀ jáde, okùn tí ó rin gbingbin lè gbé iná, mítà 20 sì ni okùn tí ó gùn lọ sókè lórí ẹni.

Ní ti ìtọ́jú, oòrùn wa kò mọ ọ̀wọ̀. Gọ́ọ̀mù tí ó di ojú ihò ìfẹ́fẹ́ mú lára túùbù máa ń yọ́ nínú ooru; ti ọrun mi ṣí nínú búùtù ọkọ̀ nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró ní òpópónà Ìkòròdú. Mo gbé e lọ bá fọkanáísà tí ń lẹ táyà ọkọ̀ mi, ó fi gọ́ọ̀mù túùbù kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ẹ́, kò sì dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé ike ni túùbù káìtì, kì í ṣe rọ́bà. Gọ́ọ̀mù tí ó wà fún ike ni ó gbà á. Aṣọ ní tirẹ̀ rọrùn: télọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń rán ìrán wíwọ́ lè fi òwú poliẹ́sítà rán ojú tí ó ya, bí a bá ti lẹ ojú náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi káìtì tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, oòrùn á sì jẹ aṣọ náà títí yóò fi máa ya bí ìwé.

Owó káìtì tuntun kò ṣeé fẹnu sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là láìka ọ̀pá àti okùn mọ́ ọn, nítorí náà àlòkù ni ọ̀pọ̀ yóò rà. Ọrun mítà 7 tí egungun rẹ̀ jẹ́ márùn-ún ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ wo ọ̀pá rẹ̀ bóyá ohun ìtúsílẹ̀ rẹ̀ bá ìlànà àgbáyé ISO 21853 mu, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020. Bí ọ̀pá náà bá ti dàgbà jù ú lọ, ẹ ra ọ̀pá mìíràn, kí ẹ sì dín in kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Ẹ fi ìka méjì di aṣọ náà mú, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ méjèèjì ha ara wọn. Èyí tí ó bá ṣì ń dún wùyẹ̀wùyẹ̀ ṣì lágbára, èyí tí ó bá rọ̀ bí aṣọ àlòpẹ́ ti kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ túùbù rẹ̀ títí yóò fi le, kí ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, kí ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan pẹ̀lú ẹni tí ó ń tà á. Bí ó bá rọ̀ kí wákàtí náà tó pé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.